Ẹ fa téèpù

Ìwé tó bá mọ́tò àlòkù wa wá, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná nínú, ní gíga rẹ̀ ò ju ẹsẹ̀ bàtà 11 lọ. Irọ́! Nígbà tí wọ́n kọ ọ́, kò tíì sí ẹ̀rọ amúlétutù lórí mọ́tò náà. Èmi àti ìyàwó mi gbé pákó gbọọrọ lé e lórí, a wọ̀n ọ́n láti abẹ́ pákó dé ilẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 10. Íǹṣì díẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré: afárá rélùwéè kan ní Durham, North Carolina, ti bó orí àìmọye ọkọ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 11 àti íǹṣì 8 ni gíga abẹ́ afárá náà, kí wọ́n tó gbé e sókè ní 2019. A ò tíì débi gígùn o. Wọn ò ka àkàbà ẹ̀yìn mọ́ ọn.