Oríta Ló Ń Jẹ Àkókò: Bí A Ṣe Ń Ka Wákàtí Ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀

Ọdún Ifá Àgbáyé tún ń bọ̀ ní Òkè Ìtasẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí nílé wa ò tíì yí padà: "Wákàtí mélòó la máa fi dé Ifẹ̀?" Èmi ni mo ń ṣètò ọkọ̀ fún ilé wa láti Èkó. Ọkọ̀ méjì la máa ń gbà: bọ́ọ̀sì elérò 18, àti pikọ́ọ̀pù kan tó ń ru ìlù, àga, ìkòkò, iṣu àti ewúrẹ́. Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ àkókò sí, ìgbà tí a kúrò, ibi tí a ti dúró, ìgbà tí a dé. Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí ó jìnnà sí ohun tí fóònù ń sọ.

Ọ̀nà kọ́ ló ń jẹ àkókò wa, oríta ni. Àwa tí a mọ ẹni tó ni oríta, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Fóònù ń ka ìrìn ọkọ̀ kékeré tí kò ru nǹkan kan. Kò mọ̀ pé orúnkún ń dun Bàbá àgbà, pé ewúrẹ́ ti já okùn, pé ọmọ kan tún fẹ́ tọ̀. Kò sì mọ̀ pé bí ọkọ̀ méjì bá jọ ń lọ, ẹsẹ̀ èyí tó lọ́ra jù ni àwọn méjèèjì fi ń rìn. Òfin ojú pópó pàápàá mọ̀ pé ọkọ̀ ò dọ́gba: lórí òpópónà ńlá, kìlómítà 100 ní wákàtí kan ni ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, 90 ni ti bọ́ọ̀sì, 60 péré ni ti tírélà. Àwọn ará wa tó ń ti Amẹ́ríkà wá mọ̀ ọ́n dáadáa. Níbẹ̀, àwọn èèyàn kan máa ń so ilé kékeré mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn rin ìrìn-àjò, wọn kì í sì í fi wákàtí ọkọ̀ lásán ṣètò, torí ẹrù ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn lórí òkè, kì í sì í jẹ́ kí bíréèkì tètè mú un dúró.

Ẹ jẹ́ ká gbéra láti Berger. Òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gùn ju kìlómítà 120 lọ. Fóònù á ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 45 ni títí dé Toll Gate Ìbàdàn. Ìwé mi ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 40. Ibo ni ìyókù lọ? Ó lọ sí afárá Kárà, níbi tí wọ́n ti ń ta màlúù àti àgbò. Ó lọ sí Mọ́wè, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti fẹ́ já èrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lọ sí oríta Ṣàgámù, níbi tí àwọn tó ń lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Bìní ti ń yà. Ó lọ sí Ògèrè, tí àwọn tírélà ti máa ń dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà. Láàárín àwọn ibi wọ̀nyí, ọkọ̀ ń sáré dáadáa. Ẹnu oríta ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ṣètò ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ lóṣooṣù ni àwọn ará Redeemed máa ń ṣe àdúrà òru ní Redemption City, lórí òpópónà yìí kan náà. Ọdún Ifá wa sì bọ́ sí Àbámẹ́ta àkọ́kọ́. Bí kò bá ṣe pé Àbámẹ́ta gan-an ni oṣù fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ Ẹtì tí a fẹ́ gbéra náà ni àwọn náà ń gbéra. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Bí àwa ti ń lọ sọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà ni àwọn náà ń lọ sí ibi tí ọkàn wọn wà. Ẹ ṣáà ti kúrò ní Berger ṣáájú aago 6 àárọ̀, torí láti ọ̀sán lọ ni ibẹ̀ ń kún. Ẹni tó bá sì lè gbéra ní Ọjọ́bọ̀, ó sàn fún un jù.

Ní Ìbàdàn, Ìwó Road ni oríta ńlá. Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Ìwó, ọ̀nà Ifẹ̀ àti ọ̀nà Ọ̀yọ́ ti ń pàdé, tí agbérò, ọlọ́jà àti ọlọ́kadà sì jọ ń du ojú títì. Láti Toll Gate dé Ẹ̀gbẹ́dá, fóònù ń sọ ìṣẹ́jú 40. Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 10 ló wà nínú ìwé mi.

Lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀nà á wá tú ká. A dé Aṣejire, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun fún omi ẹ̀rọ àwọn ará Ìbàdàn. Gbogbo bọ́ọ̀sì ló máa ń kí Yèyé lórí afárá, kò sì gba ìṣẹ́jú kan. Ríra ẹja ní ẹ̀bá ọ̀nà ló ń gba ìṣẹ́jú 20. A dé Ìkirè, kò sì sí ọmọ tí á jẹ́ kẹ́ ẹ kọjá láìra dòdò Ìkirè. Mo ti gbà pé ibẹ̀ la máa ń sinmi, mo sì ń kà á mọ́ àkókò. Kò sí ìdúró ìṣẹ́jú 10 fún èèyàn 18. Kí àgbà tó sọ̀ kalẹ̀, kí ó tó na ẹsẹ̀, kí a tó tún okùn ẹrù so, kí dẹ́rẹ́bà tó wo táyà, ìdajì wákàtí ti lọ. Ìkirè sí Gbọ̀ngán, Gbọ̀ngán sí Ifẹ̀: ibì kan dáa, ibì kan rí gbágungbàgun. Láti Ẹ̀gbẹ́dá dé ẹnu ìlú Ifẹ̀, fóònù ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15, ìwé mi ní wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 40.

Ibí yìí gan-an ni àwọn dẹ́rẹ́bà ti fẹ́ fi eré gba àkókò tó ti sọnù padà. Ẹ má gbà fún wọn. Ìbàdàn sí Ifẹ̀ jẹ́ bíi kìlómítà 85. Ká tilẹ̀ ní ọ̀nà mọ́ látòkè délẹ̀, ẹni tó sá 90 á lo ìṣẹ́jú 57, ẹni tó sá 110 á lo 46. Nítorí ìṣẹ́jú 11, tí kò tó ìdúró kan ní Ìwó Road, ṣé ó yẹ ká fi ẹ̀mí èèyàn 18 wewu? Ikú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ lójú ọ̀nà yìí wà lára ohun tó mú kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni níbẹ̀ nígbà náà, dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ wá dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni alága àkọ́kọ́. Gbogbo ayé sì mọ̀ ọ́n mọ́ Ògún. Ẹni tó fẹ́ràn Ògún tó bẹ́ẹ̀ rí i pé ó tún yẹ kí ẹnì kan dúró lójú títì, kí ó sọ fún awakọ̀ pé kó rọra. Bí a bá ti bọ Ògún kí a tó kúrò nílé, ẹ jẹ́ ká máa rìn bí ẹni tó bọ ọ́.

Ká wọ Ifẹ̀. Ẹni tó bá rí ẹnu ọ̀nà yunifásítì á ní a ti dé, àmọ́ Mayfair ṣì ń bẹ níwájú, Lágéré ń bẹ níbẹ̀, èrò gbogbo ayé sì ti ń rọ́ lọ sí Òkè Ìtasẹ̀. Ẹ fi wákàtí 1 sílẹ̀ fún inú ìlú. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà ọdún Ọlọ́jọ́, tí àyíká Ẹnuwá àti Òkè Mògún bá kún. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà sọ̀ kalẹ̀ níbi tó súnmọ́ jù, kí ọkọ̀ tó lọ wá ibi tí á dúró sí.

Mo rí ilé kan lọ́dún kan tí wọ́n gbéra láti Èkó ní aago 8 àárọ̀ ọjọ́ ọdún gan-an, torí fóònù sọ wákàtí 4. Nígbà tí wọ́n dé, Ifá ọdún ti jáde, àwọn èèyàn ti ń ká àga. Ìyánífá àgbà kan wà láàárín wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ó ní, "Ojú ọ̀nà ni mo ti ṣọdún tèmi." Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn. Àgbà tó bá ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ọdún mélòó ló tún kù tó máa lè wá?

Torí náà, ìṣirò tiwa rèé. Ẹ mú wákàtí tí fóònù sọ, ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un. Ẹ fi ìdajì wákàtí kún un fún ìdúró kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi wákàtí 1 kún un fún inú Ifẹ̀. Fóònù ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 40. Pẹ̀lú ìdajì, ó di 5 àti ààbọ̀. Pẹ̀lú ìdúró méjì, ó di 6 àti ààbọ̀. Pẹ̀lú inú ìlú, ó di 7 àti ààbọ̀. Ẹni tó kúrò ní Berger ní aago 5 ìdájí ọjọ́ Ẹtì á dé Òkè Ìtasẹ̀ ní agogo 12 àti ààbọ̀ ọ̀sán. Á wẹ̀, á jẹun, á sùn, ojú rẹ̀ á sì mọ́lẹ̀ kedere lọ́jọ́ keji. Bí ìṣirò yín bá fi hàn pé ilẹ̀ á ṣú kẹ́ ẹ tó dé, ẹ sùn sí Ìbàdàn. Tírélà tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà lóru kì í sábà tan iná.

Ẹ̀yin tó ń ti Iléṣà wá, ẹ̀yin ò jìnnà, ti inú ìlú ni kẹ́ ẹ kà. Ẹ̀yin ará wa láti Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ibodè ni oríta tiyín. Ẹ ya ìdajì ọjọ́ sọ́tọ̀ fún un, kẹ́ ẹ sì mú ìwé yín dání.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èṣù á ṣí oríta, Ògún á la ọ̀nà, ẹsẹ̀ gbogbo wa á pé ní Òkè Ìtasẹ̀. Àṣẹ.