Orúkọ Kan, Ilé Méjì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó pẹ́ tí mo ti ń fi òwe yìí kọ́ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni ó jẹ́ kí ó yé mi dénú.

Mo kọ ojú-ewé kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yóò máa fi dán ara wọn wò lórí àmì ohùn. JavaScript, èdè tí Brendan Eich ṣẹ̀dá ní ọdún 1995, ni mo lò. Fáìlì méjì ni mo pín in sí. Èkíní ń fi ìdáhùn akẹ́kọ̀ọ́ wé èyí tí ó tọ̀nà, ó sì ń fún un ní máàkì. Èkejì ń wá ọ̀rọ̀ nínú àkójọ ọ̀rọ̀; nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tẹ àmì bí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀, ó máa ń yọ àmì kúrò kí ó tó fi ọ̀rọ̀ méjì wéra. Nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan, mo sọ iṣẹ́ tí ń fi ọ̀rọ̀ wéra ní yewo, láìfi àmì kankan sí i.

Lẹ́yìn ìdánwò àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní: “Ẹ má bínú, sà. Ọkọ̀ ni mo kọ síbi tí ó yẹ kí n kọ ọkọ́, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ní mo gbà á. Máàkì yẹn kì í ṣe tèmi.” Ojú tì mí, nítorí mo ti yin gbogbo kíláàsì.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Bí a bá gbé fáìlì méjì sí ojú-ewé kan láìsọ wọ́n di module, àgbàlá kan náà ni irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbé. Bí méjì bá jẹ́ orúkọ kan, èyí tí ó dé kẹ́yìn yóò gba ipò ti ìṣáájú, ẹ̀rọ kò sì ní kígbe. Fáìlì èkíní ń pe yewo tirẹ̀, ti èkejì ni ó ń dáhùn.

Ọdún 2015 ni module wọ inú ìlànà èdè náà. Module dà bí ilé tí ó ní ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ tí onílé bá fi export yọ̀ǹda nìkan ni ará ìta lè pè, ẹni tí ó fẹ́ pè é yóò sì fi import sọ ilé tí ó ti wá. Mo tún bá irú ìlànà bẹ́ẹ̀ pàdé nínú Vue, tí Evan You gbé jáde ní ọdún 2014. Bí a bá fi script setup kọ ọmọ, òbí kò lè pe iṣẹ́ inú rẹ̀ àfi èyí tí ọmọ bá fi defineExpose yọ̀ǹda. Bí òbí bá sì pè é kí ọmọ tó dé orí ojú-ewé, kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé.

Mo sọ fáìlì méjèèjì di module, a sì tún ìdánwò náà ṣe. Máàkì kan dín nínú ti akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Inú rẹ̀ dùn sí i. Èmi tí mo máa ń gba máàkì lọ́wọ́ ẹni tí kò fi ìyàtọ̀ sáàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, èmi náà ni mo pe ohun méjì ní orúkọ kan, tí n kò sì sọ èwo ni mo ń pè. Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, kí a tó pe orúkọ, ẹ jẹ́ kí a mọ ilé tí ó ti wá.