Yíyan Ìrìn ní Ilẹ̀ Yìnyín

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, lọ́dọọdún ni mo sì ń fi ṣọ́ọ̀kì funfun ya odò yìnyín sí ojú pátákó. Èmi a sọ fún wọn pé odò ni lóòótọ́, pé yìnyín dídì ni, pé ó ń ṣàn láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n pé ìṣàn rẹ̀ lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Ní ọjọ́ kan, ọmọ kékeré kan nawọ́ sókè, ó bi mí pé, “Tíṣà, ǹjẹ́ ẹ ti rí i rí?” Gbogbo kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Mo dáhùn pé inú ìwé ni mo ti rí i. Ọmọ náà jókòó, kò sì wí nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò ní ọkàn mi títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ní oṣù Keje ọdún 2023, ọmọ wa obìnrin tí ń gbé ní Seattle, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ pe èmi àti ìyá rẹ̀. Ọdún náà ni ìgbéyàwó wa pé 40 ọdún, ó sì ti bá wa gba àyè nínú ọkọ̀ òkun kan tí ń lọ sí Àláskà, ilẹ̀ òtútù tí Amẹ́ríkà rà lọ́wọ́ Rọ́ṣíà ní 1867 ní 7,200,000 dọ́là. Ọjọ́ méje ni a ó fi lọ, tí a ó sì fi bọ̀. Nítorí pé ọkọ̀ náà yóò yà ní Victoria, tí í ṣe ilẹ̀ Kánádà, ó ti sọ fún wa kí a tó kúrò nílé pé kí a gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú ti Kánádà pẹ̀lú, àti pé ti Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí ó bá mú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìrìn àjò wa, ọmọ náà gbé ìwé kan lé wa lọ́wọ́, ó ní, “Bàbá, Màmá, oúnjẹ yín àti ibùsùn yín wà nínú owó tí mo ti san. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó yan ohun tí ẹ fẹ́ lọ wò lórí ilẹ̀, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Owó náà nìyí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jọ yàn án.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni n kò fi etí sí.

Ìwé náà nípọn. Àwọn kan ń lọ wo àbùùbùtán nínú ọkọ̀ kékeré. Àwọn kan ń jókòó sórí ọkọ̀ tí ajá ń fà. Àwọn kan ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ láàrin àwọn erékùṣù. Àwọn kan ń gun òkè. Mo wá a títí mo fi rí èyí tí ọkàn mi ń fẹ́: ní Juneau, hẹlikópítà yóò gbé ènìyàn, yóò sì sọ ọ́ kalẹ̀ sórí odò yìnyín gan-an, kí ó lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Owó rẹ̀ ju owó ìfẹ̀yìntì mi ti oṣù mẹ́ta lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì ohun tí ọmọ wa fún wa. Orúnkún aya mi ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan, kò sì lè rìn lórí ohun tí ń yọ̀. Mo mọ èyí. Síbẹ̀, ohun tí mo ń rí ní ojú inú mi ni ara mi láàrin àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí mo ń wí pé, “Mo dúró lórí rẹ̀.”

Aya mi wo ojú mi, ó ní, “Tíṣà, ẹ lọ. N ó dúró dè yín nínú ọkọ̀.” Mo mọ̀ pé ìyàwó tí ó bá wí báyìí kò tíì sọ gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ó jẹ́ òtítọ́, nítorí náà mo gbà á gbọ́.

Juneau ni olú-ìlú Àláskà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀nà ilẹ̀ kan tí ó so ó mọ́ ìlú mìíràn. Ọkọ̀ omi tàbí ọkọ̀ òfurufú ni a fi ń débẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a gúnlẹ̀, òjò winniwinni ń rọ̀, ìkúùkù sì ti wálẹ̀ bo àwọn òkè dé ìdajì. Wọ́n kó wa lọ sí ibi tí hẹlikópítà wà, wọ́n fi bàtà mìíràn lé bàtà wa, wọ́n sì ní kí a dúró kí ojú ọ̀run là. A dúró fún wákàtí kan. A dúró fún èkejì. Nígbà tí ó di wákàtí kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin kan jáde, ó bẹ̀ wá, ó ní kò sí ewu bí a kò bá lọ, ṣùgbọ́n ewu wà bí a bá lọ. Òtítọ́ ni ó sọ. Wọ́n dá owó wa padà ní pípé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá wákàtí padà? Ohun tí mo rí ní Juneau ní ọjọ́ náà ni ògiri, àga, àti àwòrán odò yìnyín tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Mo padà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀wẹ̀sì. Aya mi kò sí nínú yàrá. Àyà mi já. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ó wọlé, ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀wù òjò rẹ̀ tutù, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń jẹun ní tábìlì kan ni ó pè é pé kí àwọn jọ wọ bọ́ọ̀sì lọ wo odò yìnyín Mendenhall, tí ó tó nǹkan bí máìlì 12 sí ìlú. Owó bọ́ọ̀sì náà kò pọ̀. Odò yìnyín yìí gùn tó nǹkan bí máìlì 13, adágún omi kan sì wà níwájú rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní nǹkan bí ọdún 1929, bí yìnyín ti ń fà sẹ́yìn. Ọ̀nà tí a tẹ́ dáadáa, tí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlera pàápàá lè gbà, ni wọ́n rìn dé ibi tí a ti ń wò ó. Ìkúùkù bo orí òkè, ṣùgbọ́n kò bo ìsàlẹ̀.

Mo bi í bí ó ti rí. Ó ní funfun kọ́ ni. Ó ní bí aṣọ tí a rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan péré ni ó rí, pàápàá níbi tí ó ti sán. Èmi mọ ìdí rẹ̀: yìnyín tí ó ti ki ṣinṣin a máa gbé àwọ̀ pupa inú ìmọ́lẹ̀ mì, a sì jẹ́ kí àwọ̀ aró kọjá. Ó pẹ́ tí èmi ti mọ ìdí, ṣùgbọ́n òun ni ó rí àwọ̀. Lẹ́yìn náà ó wí jẹ́ẹ́, láìbínú, pé, “Tíṣà, mo ń wẹ̀yìn kiri kí n lè fi hàn yín, ẹ kò sí níbẹ̀.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, wọ́n ti bá mi wí rí. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ti bá mi wí, àwọn alábẹ̀wò ti bá mi wí. Kò sí ìbáwí kan nínú wọn tí ó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yìí.

Ní àkókò náà, oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ títí di nǹkan bí agogo mẹ́wàá alẹ́, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ṣì wà nígbà tí àwa méjèèjì jókòó ti ìwé náà. A bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́rin. Èkínní: ẹsẹ̀ ẹni tí ó lọ́ra jù nínú wa ha lè dé ibẹ̀, kí ó sì padà láìsí ìrora? Èkejì: bí òjò tàbí ìkúùkù bá dé, kí ni yóò kù tí a ó rí? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò dúró dè wá bí a bá pẹ́? Nítorí ìwé ọkọ̀ wa wí yékéyéké pé bí ìrìn tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò bá pẹ́, ọkọ̀ yóò dúró; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá ìrìn tirẹ̀ ṣe, tí ó sì pẹ́, yóò bá èbúté lófo, owó ara rẹ̀ ni yóò sì fi lé ọkọ̀ bá. Agogo Àláskà sì fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Seattle, nítorí náà agogo inú ọkọ̀ ni a pinnu láti máa wò. Ìbéèrè kẹrin ni ó nira jù fún mi: bí kò bá sí ẹnìkan nílé tí a ó ròyìn rẹ̀ fún, a ó ha ṣì fẹ́ lọ bí?

Ní Skagway, ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tọ́ka sí ọkọ̀ ojú irin. Láàrin 1898 àti 1900 ni wọ́n la ọ̀nà irin náà gba inú àpáta, nítorí wúrà tí wọ́n rí ní Klondike ní 1896. Ó ń gun òkè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3,000 ẹsẹ̀ bàtà láàrin máìlì 20 péré. A yan èyí tí ń yí padà ní orí òkè ní ẹnu ààlà Kánádà, nítorí pé ìjókòó ni a ó wà ní gbogbo ọ̀nà, òjò kò sì lè bà á jẹ́. Láti ojú fèrèsé a rí ọ̀gbun, a rí omi tí ń já láti orí àpáta, a sì rí ipa ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tí àwọn tí ń wá wúrà gbà. Ní ọ̀nà yìí ni nǹkan bí 3,000 ẹṣin kú sí, nítorí ẹrù àpọ̀jù àti ìkánjú àwọn tí ó ni wọ́n. Ìjọba Kánádà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé láìní oúnjẹ ọdún kan, ẹrù ẹnìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù kan; wọ́n ń rù ú díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń padà wá rù ú. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn fi dé ibi wúrà, àwọn tí ó ṣáájú ti gba ilẹ̀ tí ó dára tán. Ìròyìn ni ó lé wọn jáde nílé. Mo wo aya mi, òun náà wò mí. Ọ̀rọ̀ hẹlikópítà ni ó wá sí ọkàn àwa méjèèjì, a sì bú sẹ́rìn-ín.

Ibì kan ṣoṣo ni kò sí yíyàn, èyí ni inú omi tí wọ́n ń pè ní Glacier Bay. Ọkọ̀ ńlá bí tiwa kì í sọ ènìyàn kalẹ̀ níbẹ̀, méjì péré nínú irú wọn ni ìjọba sì ń jẹ́ kí ó wọlé lóòjọ́. Àwọn olùṣọ́ ọgbà ìjọba ni wọ́n wọ inú ọkọ̀ wá láti ṣàlàyé. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ènìyàn Ọ̀gákọ̀ George Vancouver kọjá níbẹ̀ ní 1794, yìnyín ni ó kún ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu. Nígbà tí John Muir dé ní 1879, ó ti fà sẹ́yìn ju máìlì 30 lọ. Ní 1916 ó ti ju 60 lọ. Wọ́n sì ní àwọn Tlingit ti Huna ni ó ń gbé àfonífojì náà tẹ́lẹ̀ rí, kí odò yìnyín tó lé wọn kúrò ní ọ̀rúndún 18. Ní 2016 ni wọ́n sì ṣí ilé àjọni wọn sí etí omi náà.

A dúró níwájú odò yìnyín Margerie, tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí máìlì kan, tí ó sì ga tó 250 ẹsẹ̀ bàtà lókè omi. Atẹ́gùn tí ń bọ̀ láti ara rẹ̀ mú ju ti ọyẹ́ lọ. Kúbùsù kan ni àwa méjèèjì fi bora. Lójijì apá kan rẹ̀ ya, ó ṣubú sínú omi, lẹ́yìn tí ó ti ṣubú tán ni ìró rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí wa bí àrá. Aya mi fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ mi, ó ní, “Ṣé èyí ni ẹ fi ń ya gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ sí pátákó?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́.”

Ní Ketchikan, a kò ra ìrìn kankan. Òjò tí ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí ínṣì 150, ìlọ́po mẹ́ta ti Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá ń dúró kí ó dá kò ní sọ̀ kalẹ̀. A wọ ẹ̀wù òjò, a rìn díẹ̀díẹ̀, a sì ń jókòó níbi tí àyè bá wà. Láti orí afárá a rí ẹja sámọ́nì tí ń jà pẹ̀lú omi láti padà sí odò kékeré tí a bí wọn sí, kí wọ́n lè yé ẹyin níbẹ̀ kí wọ́n tó kú. Lẹ́yìn náà a wọ ilé kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1976, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn òpó gbígbẹ́ ti àwọn Tlingit àti Haida, tí wọ́n kó wá láti àwọn abúlé tí ènìyàn ti ṣí kúrò. Idì, ẹyẹ ìwò àti béárì ni wọ́n gbẹ́ sí wọn lára. Wọn kì í ṣe òrìṣà tí a ń bọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn àjèjì kan ti rò. Ìtàn ìdílé ni wọ́n ń sọ, bí oríkì tí a fi igi kọ. Mo rántí àwọn òpó tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Olùtọ́jú ibẹ̀ sọ fún wa pé ní ilẹ̀ wọn, ìdílé ìyá ni ọmọ ń jẹ́ tirẹ̀. Èyí dùn mọ́ aya mi púpọ̀, ó sì tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó padà sínú ọkọ̀.

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ènìyàn lè rìn jìnnà kí ó má rí nǹkan, bí ó bá yan ọ̀nà rẹ̀ nítorí ohun tí yóò fi yangàn nílé. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kó ọmọ lọ wo ilẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ọmọ tí ó lọ́ra jù, kí ẹ tó yan ibi tí ẹ ó lọ. Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí ẹ bá dàgbà tí ẹ sì ní agbára ìrìn, ẹ má ṣe gba gbólóhùn náà, “Ẹ lọ, n ó dúró dè yín,” gbọ́ kíákíá.

Láti ọdún 2024, orúnkún aya mi kò jẹ́ kí ó lè rin ọ̀nà jíjìn mọ́. Ìrìn náà ni a jọ rìn kẹ́yìn ní òkè òkun. Nígbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, mo ń dúpẹ́ pé ìkúùkù wálẹ̀ ní Juneau. Ọmọ tí ó bi mí ní ìbéèrè ní ọjọ́sí yóò ti di àgbà nísinsìnyí. Bí ó bá tún bi mí bí mo bá ti rí odò yìnyín rí, n ó wí fún un pé mo ti rí i, pé kì í ṣe funfun, àti pé aya mi ni ó kọ́kọ́ rí i.