Koríko Tí A Kò Gbìn fún Ẹran

Ní Kasuwar Kara, ọjà ẹran ìlú Sókótó, owó ni koríko. Kì í ṣe màlúù gúdálí àti ewúrẹ́ pupa nìkan ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Àwọn kan jókòó ti òkìtì hárawà, ìyẹn ewé àti ìtàkùn ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà tí wọ́n sá gbẹ, tí wọ́n sì dì ní ìdì-ìdì. Àwọn mìíràn ń ta dúsà, èèrí ọkà bàbà àti jéró. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti wọlé, tí pápá ẹ̀yìn ìlú di iyanrìn, ẹni tó ní àgbò mẹ́ta á máa ṣírò owó hárawà bí ẹni ń ṣírò owó ilé-ìwé ọmọ.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni mo lọ tí mo ń kó ìgbẹ́ màlúù sínú àpò, kí n lè fi bọ́ koríko tí n kò gbìn fún ẹran kankan. Ọmọkùnrin tó ń bá mi kó o bi mí bóyá oko alùbọ́sà ni mo ń dá. Mo ní rárá o, iwájú ilé ni. Ó ní kí ni mo wá ń sìn? Mo ní n kò sin nǹkan kan. Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ṣọ́bìrì mú.

Ẹni tó gbé ilé náà ṣáájú mi ló gbin koríko kápẹ́ẹ̀tì síwájú rẹ̀, irú èyí tó máa ń tẹ́ rẹrẹ lábẹ́ igi lọ́dọ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá. Koríko tó fẹ́ràn omi àti ibòòji ni. Òjò Ìbàdàn máa ń tó nǹkan bí 1,200 mìlímítà lọ́dún. Ti Sókótó kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ, oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọyẹ́ á dé, lẹ́yìn ọyẹ́ ni oṣù kẹrin tí ooru rẹ̀ ń kọjá 40°C. Nígbà tí mo fi kó dé, kápẹ́ẹ̀tì ọ̀hún ti kú tán, àyàfi abẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń jò. Ilẹ̀ yòókù le gbagidi, èpò sì ti gbà á: gbégi, dáńdá, tafasa, àti karangiya tí ẹ̀gún èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

Aládùúgbò mi kan ní èpò ló pa koríko náà. N kò gbà. Èpò kò pa ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ogún ilé òkú ló kàn wá jẹ. Ẹ wo ẹ̀bá ọ̀nà tí ẹran ń gbà wọ ọjà: tafasa àti bọmubọmu ló dúró níbẹ̀ ní tútù yọ̀yọ̀, nítorí ẹran kì í fẹ́ fẹnu kàn wọ́n. Ẹran jẹ gbogbo èyí tó dùn, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún èyí tó kọ̀. Ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti ṣófo, nǹkan kan á gbà á, ilẹ̀ kì í dúró de èyí tí a fẹ́ràn.

Kí ni kí n wá gbìn? Koríko Bàhámà ni. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín. Ní 1977, LeRoy Holm àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn èpò tó burú jù lọ láyé. Dáńdá ló gba ipò kìíní. Bàhámà gan-an ló ṣe ìkejì! Gbégi ṣe ìkarùn-ún, ẹ̀kan ilé wa sì ṣe ìkeje. Ìyẹn ni pé èpò kejì ni mo fẹ́ fi lé èpò kìíní. Àbùkù tí àgbẹ̀ ń rí lára Bàhámà ni mo ń wá: ó ń rákò lókè, ó ń rákò nísàlẹ̀, gbogbo oríkèé rẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò, bí ilẹ̀ bá gbẹ, á sùn, bí òjò bá dé, á jí. Ibòòji nìkan ni kò fẹ́.

Iṣẹ́ tó gba sùúrù jù ni ti ìgbẹ́ màlúù. Ẹ má ṣe da tútù rẹ̀ sílẹ̀ láéláé. Irúgbìn púpọ̀ tí màlúù gbé mì kì í kú sí ikùn rẹ̀. Bí ẹ bá da ìgbẹ́ ọ̀hún síwájú ilé, gbogbo èpò tí màlúù náà ti jẹ bọ̀ lọ́nà lẹ gbìn yẹn. Òkìtì ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ bu omi wọ́n ọn, kí ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ó máa hó fúnra rẹ̀. Bí inú òkìtì bá gbóná tó 55°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ irúgbìn á kú. Ẹ̀yìn òkìtì kì í gbóná tó inú, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ máa yí i. Ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ṣe èyí, kí ó lè jinná kí òjò tó dé.

Nígbà tí òjò fìdí múlẹ̀, a fi fọ́ọ̀kì gún ilẹ̀ líle náà kí omi lè wọlé. A fọwọ́ tu karangiya kí èso rẹ̀ tó gbó. Dáńdá kò ṣeé fà tu: bí ẹ bá fa orí rẹ̀, kókó abẹ́ ilẹ̀ á tún rú jáde, nítorí náà wíwà ni. Bàhámà tí mo gbìn, ẹ̀bá ọ̀nà ni mo ti gé e, níbi tí ẹsẹ̀ àti táyà ti ń tẹ̀ ẹ́ tí kò kú. Oríkèé méjì tàbí mẹ́ta lórí ẹyọ kan, kí a bo ìdí rẹ̀, kí orí rẹ̀ yọ síta. Ojoojúmọ́ la ń bomi rin ín títí ó fi mú ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sàn ju díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ lọ, kí gbòǹgbò lè wá omi lọ sísàlẹ̀. Bí a bá sì ń gé e, a kì í gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́gádì wa ló ń kó èyí tí a gé fún àgbò rẹ̀.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Bàhámà náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àwọn àlejò ń bá mi kẹ́dùn. Mo mọ àwọn ilé tí rọ́bà omi kì í kúrò lórí koríko wọn láti oṣù kọkànlá dé oṣù karùn-ún, nígbà tí mẹ́rúwà ń ti kẹ̀kẹ́ omi kọjá lẹ́nu géètì wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní omi mímu. Koríko wọn dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ irú rẹ̀. Omi àlùwàlá ló ń dé ibi tèmi ní ẹ̀ẹ̀rùn, ibi tí kò bá dé, kí ó sùn. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè fi èékánná ha ìdí rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun tó sì tutù, ó wà láàyè.

Abẹ́ dóńgóyárò ni Bàhámà ti kọ̀ jálẹ̀. A gbá ibẹ̀ mọ́, a gbé bẹ́ǹṣì síbẹ̀, ibẹ̀ làwọn ènìyàn sì ń jókòó sí jù. Dáńdá ṣì kù lẹ́bàá ògiri, níbi tí ọkọ́ kò ti wọlé dáadáa. Bí òjò bá tún rọ ilẹ̀, a ó wà á.