Ohun Tí Mo Kọ́ ní Ìlú Douala

 Àwọn àgbà wa a máa wí pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ọ̀rọ̀ lásán ni. Ọdún méjì tí mo lò ní ìlú Douala kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni ó fi hàn mí pé òwe náà kò tilẹ̀ parí síbẹ̀. Àlejò ní etí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò fi í gbọ́rọ̀. Bí etí mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di olè ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Àbúrò bàbá mi ni ó ránṣẹ́ pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí n wá ran òun lọ́wọ́ nínú ìtajà aṣọ tí òun ń ṣe ní àdúgbò New Bell. Bàbá ni mo ń pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé wa. Òun, ìyàwó rẹ̀, àti Àjọkẹ́ ọmọbìnrin wọn, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, ni mo bá níbẹ̀.

Odò Wouri ni ó kọ́kọ́ gba àfiyèsí mi. Àwọn ará Pọtugí tí wọ́n dé ẹnu odò yìí ní nǹkan bí ọdún 1472 rí edé púpọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Odò Edé. Láti inú orúkọ tí wọ́n ń pe edé ní èdè wọn ni orúkọ Kamẹrúùnù ti jáde. Afárá méjì, èyí tí a ṣí ní 1955 àti èyí tí a ṣí ní 2017, ni ó so ìlú náà pọ̀ mọ́ Bonabéri ní òdì kejì odò. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, ènìyàn lè rí Òkè Kamẹrúùnù, tí gíga rẹ̀ ju 4,000 mítà lọ, láti inú ìlú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀, nítorí òjò. Òjò tí ń rọ̀ ní Douala lọ́dún ju 3,500 mìlímítà lọ, èyí tí ó ju ìlọ́po méjì òjò Ìbàdàn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ní Douala, oṣù keje àti oṣù kẹjọ gan-an ni ó ń rọ̀ jù lọ. Ìgbà tí mo ń retí pé kí ó sinmi ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sán ṣòkòtò.

Síbẹ̀, bí mo ti ń rìn nínú ọjà, mo ń rí ohun tí ó jọ ti ilé wa. Kábà ni a ń pe ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wọ̀, bí àwọn ìyá wa náà ti ń pe ẹ̀wù tiwọn. Kókí wọn, ẹ̀wà lílọ̀ tí a fi epo pupa pò tí a sì fi ewé dì, ọmọ ìyá ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni. Ndolé wọn, ewúro ni, àfi pé ẹ̀pà àti edé ni wọ́n fi ń sè é. Njangi wọn, èsúsú ni. Ọ̀rọ̀ kan tún wà nínú pijin wọn tí mo fẹ́ràn gidigidi: 'ashia.' Bí ènìyàn bá ń ṣiṣẹ́, bí ó bá kọsẹ̀, bí ó bá ń ṣọ̀fọ̀, 'ashia' ni wọn yóò wí fún un. Ẹni tí ó bá mọ 'ẹ kú iṣẹ́' àti 'ẹ pẹ̀lẹ́' yóò mọ̀ pé ìlú tí ó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìlú òǹrorò.

New Bell fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje, ọdún 1884, àwọn ọba Duala fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn oníṣòwò Jámánì. Nígbà tí ó yá, ìjọba Jámánì fẹ́ lé àwọn onílẹ̀ kúrò létí odò kí àwọn òyìnbó lè máa dá gbé ibẹ̀, wọ́n sì la New Bell sílẹ̀ fún wọn lẹ́yìn ìlú. Ọba Rudolf Duala Manga Bell, ẹni tí ó ti kàwé ní Jámánì, kò gbà. Òfin àti ìwé ẹ̀bẹ̀ ni ó fi jà. Wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn án, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ, ọdún 1914. Lẹ́yìn náà ni àwọn àlejò láti ìlú púpọ̀ kún New Bell, títí ó fi kan àwa náà. Ọmọ àwọn ẹni tí a fẹ́ lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn ni ó wá gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú, bí ẹ ó ti gbọ́.

Bàbá ní oníbàárà kan, màmá kan tí ó jẹ́ ọmọ Duala gan-an, tí ó máa ń gba aṣọ láwìn lọ fún àwọn obìnrin inú njangi rẹ̀. Gbèsè rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Orí Bàbá ni ó wà. Ní oṣù kẹta tí mo débẹ̀, Bàbá lọ ra ọjà ní Cotonou, ó sì fi ìsọ̀ lé mi lọ́wọ́. Màmá yìí wọlé, ó san 20,000 fáráǹkì, ó sì sọ fún mi pé kí n kọ iye tí ó kù lọ́rùn òun sílẹ̀: 'quatre-vingt mille.' Mo gbọ́ 'quatre', mo mọ̀ pé ẹẹ́rin ni. Mo gbọ́ 'vingt', mo mọ̀ pé ogún ni. Mo pa méjèèjì pọ̀, mo kọ 24,000 sínú ìwé, inú mi sì ń dùn pé mo ti ń gbọ́ Faransé.

Nígbà tí Bàbá dé, ó ka ìwé náà, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún fi í wọ̀. Ó ní, 'Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni màmá yìí jẹ mí. Ogún ni mo bá nínú àpótí, o sì kọ ọ́ pé mẹ́rìnlélógún ni ó kù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta dà?'

Mo dọ̀bálẹ̀, mo búra, mo sọkún. Kí ni mo fẹ́ wí? Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Màmá náà ti lọ sí abúlé fún ìsìnkú, a sì pe ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ rẹ̀ títí, kò lọ. Bàbá kò nà mí, kò sì pariwo. Ó kàn gba kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lọ́wọ́ mi ni, ìyẹn sì dùn mí ju pàṣán lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni ó fi ń kí mi bí ẹni kí ará òde. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹfà, mo di ẹrù mi, mo sì ń ro ohun tí màá wí fún ìyá mi.

Ní ọjọ́ keje, nínú òjò, màmá náà wọlé. Bàbá kò sọ nǹkan kan; ó ṣí ìwé sí i lójú, ó fi ọwọ́ tọ́ka sí 24,000. Ó wò ó, ó wo ojú mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó sì ka 80,000 fáráǹkì sórí tábìlì. Ó wí fún Bàbá pé, 'Ọmọ yìí kì í ṣe olè. Etí rẹ̀ ni kò tíì dé Douala. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́ ẹ̀kọ́.'

Ẹ rò ó wò. Bí ó bá dákẹ́ lásán, 56,000 fáráǹkì ì bá di tirẹ̀, èmi ì bá sì ru orúkọ olè relé. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Ní ọjọ́ náà, mo rí ẹni tí ó rà á láìná an. Bàbá da kọ́kọ́rọ́ padà sí ọwọ́ mi, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ wí pé, 'Ọmọ mi, mo fura sí ọ láìtọ́. Má bínú.' Títí di òní, n kò tíì gbọ́ kí àgbà mìíràn wí bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni Àjọkẹ́ di olùkọ́ mi. Ó da èso ẹ̀wà sílẹ̀, ó pín in sí òkìtì mẹ́rin, ogún ogún. Ó ní èyí ni 'quatre-vingts'. Mo tẹjú mọ́ òkìtì náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní èdè wa: ogún, ogójì, ọgọ́ta, ọgọ́rin. Ẹnu yà mí! Kí ni ọgọ́rin bí kò ṣe ogún mẹ́rin? Bí àwọn baba wa ti ń ka owó ẹyọ gan-an ni àwọn Faransé ń ka ọgọ́rin, mo sì ti ń sá fún un bí ẹni pé ejò ni. Ibi tí ọ̀nà wa ti yà ni pé àwọn a máa rò, àwa a máa yọ: wọ́n fi ẹ̀wá kún ọgọ́rin kí ó lè di àádọ́rùn-ún, àwa sì yọ ẹ̀wá kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, n kò ṣi owó kà mọ́.

Èmi náà sì fi òkìtì ẹ̀wà kan náà kọ́ Àjọkẹ́ ní Yorùbá. Ó ń gbọ́ ọ díẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ni ó fi ń dáhùn, ìyá àgbà wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ a sì máa ráhùn pé òun ní ọmọ-ọmọ tí òun kò lè bá sọ̀rọ̀. Lálaalẹ́, bí òjò ti ń lu páànù, a ń ka oókan, eéjì, a ń kọ́ ìkíni. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ó gba ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Bàbá, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ìyá àgbà ń rí i, ó ní, 'Ẹ káàárọ̀, Ìyá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?' Ìyá àgbà kò dáhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ohùn rẹ̀: 'Àjọkẹ́, ṣé ìwọ nìyí?' Ìyàwó Bàbá yára wọ yàrá lọ, kí a má baà rí omi ojú rẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni mo pinnu pé iṣẹ́ olùkọ́ ni n ó ṣe. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́, ọmọ kan yóò kọ 24 níwájú wa níbi tí ó ti yẹ kí ó kọ 80. Kí a tó pè é ní òmùgọ̀ tàbí oníjìbìtì, ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Ó lè jẹ́ pé ogún mẹ́rin ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ilé, tí kò sì sí ẹni tí ó bá a kó wọn jọ.