Míǹtì Nínú Ìkòkò, Efinrin Nínú Ilẹ̀

Bí ènìyàn bá fi ìka méjì di pòpóòrò míǹtì mú, tó sì yí i díẹ̀, yóò mọ̀ pé kò rí roboto. Igun mẹ́rin ló ní. Ẹ lọ sí ìdí efinrin, igun mẹ́rin náà lẹ ó bá. Ẹbí kan náà ni wọ́n. Inú ìwé tí Carl Linnaeus, ará Swídìn, tẹ̀ jáde ní 1753 ni àwọn méjèèjì ti gba orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè wọ́n dòní.

Ìwà wọn ló yàtọ̀. Efinrin a máa nàró. Èyí tó bá hù níbi tí a kò fẹ́, ọwọ́ kan la ó fi fà á tu. Míǹtì ń rá ni. Apá tó bá nà sórí ilẹ̀ yóò ta gbòǹgbò ní oríkèé dé oríkèé. Ẹni tó bá sì fà á tu láìkó gbogbo gbòǹgbò rẹ̀, ó tún un gbìn ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn aládùúgbò mi ní Ìjàpọ̀, nílùú Àkúrẹ́, pé inú ìkòkò ni kí míǹtì máa gbé. Kẹ́ẹ̀gì tí a gé lórí náà dára, kí a sáà ti lu ìdí rẹ̀ kí omi má bàa dúró. Oòrùn Àkúrẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ti le jù fún un. Ibi tí oòrùn àárọ̀ nìkan ń dé ni kó wà. Ẹ máa ki ìka bọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Tó bá ti gbẹ, omi kàn. Ẹ sì máa gé e lókè oríkèé kó tó yọ òdòdó, ẹ̀ka méjì yóò yọ níbẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta ewé ní Ọjà Ọba bi mí pé kí ni ewé òyìnbó yìí ń ṣe. Mo ní ó ń mú sóbò dùn. Ó ní, “Ó dáa, ọmọ mi. Bí inú bá ń run ọmọdé lóru, èwo lo máa lọ já?”

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí wọ̀ mí lára. Intálọ́ọ̀kì ti ń bo àgbàlá wa, efinrin tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná tẹ́lẹ̀ ló wá di ohun tí à ń fowó rà. Ilẹ̀ kékeré tó bá ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, efinrin ni kí ẹ fún. Ẹni tó bá fẹ́ míǹtì, kó wá bá mi gba ẹ̀ka kan. Kó kì í bọ inú ife omi, yóò ta gbòǹgbò láìpẹ́.