Ilé Oúnjẹ Àwọn Ará Mẹ́síkò ní San Bernardino, àti Èyí Tí Ó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbọ̀ngàn Wa

  Láti 2019 tí mo ti Amẹ́ríkà dé ni àwọn ìyá ẹgbẹ́ ti ń bi mí pé kí ni mo rí níbẹ̀. Èmi a sì dáhùn pé mo rí ọmọ mi, mo rí ìyàwó rẹ̀, mo wẹ ọmọ tuntun fún oṣù mẹ́ta, mo sì padà wálé. Ọmọ náà ti ń lọ sí ilé ìwé báyìí, a dúpẹ́. Akọ̀wé wa ti ní kí n kọ nǹkan sínú ìwé ìròyìn yìí láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n mo ń sún un síwájú, àfi ìgbà tí ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ ìyá wa dé iwájú ìpàdé ní oṣù tí ó kọjá. Ohun tí olúkúlùkù ń sọ lọ́jọ́ náà rán mi létí ohun tí mo ti gbọ́ ní òkè òkun, mo sì rí i pé ó yẹ kí n mú kálàmù.

Ìlú San Bernardino ni ọmọ mi ń gbé, ní ìpínlẹ̀ California. Ìlú náà ni àwọn McDonald ti bẹ̀rẹ̀ ilé oúnjẹ wọn ní 1940, tí ó wá di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ṣùgbọ́n n kò jẹun níbẹ̀. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ìlú náà, níbi tí àwọn ará Mẹ́síkò pọ̀ sí, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Títì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mount Vernon, ara títì gbọọrọ tí ó ti Chicago wá dé etí òkun ni nígbà kan rí, èyí tí wọ́n ń pè ní Route 66. Ẹ̀bá títì yìí ni Mitla Cafe wà. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Lucia Rodriguez àti ọkọ rẹ̀, Vicente Montaño, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1937. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ó ti lé ní 80 ọdún, ìdílé wọn ni ó sì ń bójú tó o síbẹ̀. Mitla jẹ́ orúkọ ìlú àtijọ́ kan ní Mẹ́síkò, níbi tí àwókù ilé àwọn ará ìgbàanì wà. Ó dà bí ẹni pé ọ̀kan nínú wa dá búkà sílẹ̀ ní Sábọ̀n Gàrí tí ó sì sọ ọ́ ní Ọ̀yọ́ Ilé.

Bí wọ́n ṣe dé ìlú náà yóò yé yín ju bí yóò ti yé ẹni tí kò kúrò nílé bàbá rẹ̀ rí. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Santa Fe ní ibùdó ńlá síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, oko ọsàn sì yí ìlú ká. Iṣẹ́ wọ̀nyí ni wọ́n wá ṣe. Ojú irin kan náà ni ó gbé àwọn bàbá tiwa dé Kánò ní nǹkan bí 1912, tí a sì fi àyè fún wọn lẹ́yìn odi ìlú. Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀ sí tiwa ni pé ilẹ̀ California fúnra rẹ̀ jẹ́ ti Mẹ́síkò títí di 1848. Nítorí náà, bí ẹ bá pe ẹlòmíràn nínú wọn ní àlejò, ojú rẹ̀ yóò yí padà.

Ohun tí ó mú kí a máa sọ̀rọ̀ ilé náà ni oúnjẹ kan tí ń jẹ́ táko. Àgbàdo ni. Wọn a sè é nínú omi tí wọ́n po ẹfun jíjó sí, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọn a yan án lórí irin gbígbóná. Ní Mitla wọn a wá ká a sí méjì, wọn a dín in títí yóò fi gan. Wọn a fi ẹran màlúù lílọ̀ sínú rẹ̀, àti ewé lẹ́túùsì, tòmátì, àti wàràkàṣì òyìnbó tí a rin. Ó ń ró kàù lẹ́nu bí kókóró Abẹ́òkúta. Ata wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ti ọ̀dọ̀ wa, mo sì ní láti béèrè sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa mí lẹ́rìn-ín pé èmi ni mo ń wá ata lọ́wọ́ wọn, nítorí Mẹ́síkò ni àgbàdo ti wá, ilẹ̀ Amẹ́ríkà náà sì ni ata àti tòmátì ti wá, lẹ́yìn ìgbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí kọjá òkun ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé, ìyèré àti ataare ni àwọn ìyá ńlá wa fi ń ta ọbẹ̀. Gbogbo ẹ̀kọ tí mo ti mu láyé mi, ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni irúgbìn rẹ̀ ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wọn. Ní nǹkan bí 1950, òyìnbó kan tí ń jẹ́ Glen Bell ń ta hámúbọ́gà ní òdìkejì títì. Ó rí i bí èrò ti ń tò níwájú Mitla. Bí ìdílé náà ti ń sọ ọ́, ó ń wá jẹun níbẹ̀ lóòrekóòrè, ó ń bèèrè èyí, ó ń bèèrè tọ̀hún, títí wọ́n fi jẹ́ kí ó wọ ilé ìdáná kí ó wo bí wọ́n ti ń ṣe é. Kò pẹ́ tí òun náà fi ń ta táko. Ní 1962 ó dá Taco Bell sílẹ̀ ní ìlú Downey, ní 1978 ó sì tà á fún ilé iṣẹ́ Pepsi. Lónìí Taco Bell ju 7,000 lọ. Mitla ṣì jẹ́ ẹyọ kan.

Mo bi ọ̀pọ̀ ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ yìí, nítorí mo fẹ́ràn kí n máa bèèrè ọ̀rọ̀, ọmọ mi sì ti sú. Bàbá arúgbó kan tí ó ti ṣiṣẹ́ ojú irin rí wí fún mi pé òun kò bínú sí Bell. Ó ní ẹnikẹ́ni lè dín àgbàdo, ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, Mitla ni wọ́n ti ń jẹ́ kí òun jẹun kí òun tó rówó san. Olùkọ́ obìnrin kan tí ó jókòó sí tábìlì kejì gbọ́ ọ, ó sì yí àga rẹ̀ padà sí wa. Ó ní irú ọ̀rọ̀ yẹn ni ó ń jẹ́ kí wọ́n máa kó ohun àwa lọ. Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé òun mọ orúkọ Bell, wọn kò mọ orúkọ Lucia Rodriguez, bẹ́ẹ̀ ni Mitla kò jìnnà sí ilé ìwé wọn. Àwọn méjèèjì ṣe àríyànjiyàn títí oúnjẹ wọn fi tutù. Ní tèmi, mo wà lẹ́yìn olùkọ́ náà. Ìyá mi ta àkàrà fún ọdún 30, kò sì jẹ́ kí àjèjì kan rí ibi tí ó ti ń po ẹ̀wà rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè ní kí bàbá náà má dúpẹ́ oore.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí gbogbo wọn fi ohùn kan sọ. Ìlú San Bernardino ní adágún ìwẹ̀ kan ní ọgbà Perris Hill. Owó orí gbogbo ará ìlú ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ọmọ Mẹ́síkò wọ̀ ọ́. Àsìkò ogun Hitler ni o, tí ẹ̀gbọ́n àwọn ọmọ wọ̀nyí ń bá Amẹ́ríkà jagun lọ́wọ́. Àwọn àgbà àdúgbò a máa sọ pé ní Mitla ni àwọn oníṣòwò àti àwọn olórí wọn ti ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n pe àwọn olórí ìlú lẹ́jọ́. Ignacio López, olóòtú ìwé ìròyìn El Espectador, wà lára àwọn olùpẹjọ́, àlùfáà kan náà sì wà níbẹ̀. Ní 1944 Adájọ́ Leon Yankwich dá wọn láre. Ọdún 10 ni ó ṣì kù nígbà náà kí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà tó pàṣẹ ní 1954 pé a kò gbọdọ̀ ya ilé ìwé ọmọ dúdú kúrò lára ti ọmọ funfun mọ́. Wọn kò ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ bí tiwa. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ táko ni gbọ̀ngàn wọn.

Kí ẹ má rò pé ìyìn nìkan ni mo gbọ́. Ẹnìkan ní ẹ̀wà wọn ti ń ní iyọ̀ jù. Ẹlòmíràn ní àwo ti kéré sí ti àtijọ́, owó sì ti lé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ti ìyá òun dára jù ú lọ, mo sì wò ó pé ó jẹ mẹ́rin kí ó tó sọ ọ́. Mo ṣe àkíyèsí pé àwọn tí ó ti ń jẹun níbẹ̀ pẹ́ ni wọ́n ń ráhùn jù. Ìlú náà pàápàá ti rí ìyà. Títì ńlá tí wọ́n là kọjá lẹ́yìn ogun gé ìhà ìwọ̀-oòrùn kúrò lára àárín ìlú, èrò tí ń gba Mount Vernon sì dínkù. Ibùdó àwọn ológun òfuurufú tí ń jẹ́ Norton kógbá wọlé ní 1994. Ní 2012 ìjọba ìlú lọ sọ ní kóòtù pé òun kò lè san gbèsè òun mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ àdúgbò ti kó lọ sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ẹ ó rí wọn pẹ̀lú ọkọ̀ tí ó dára, tí wọ́n kó ọmọ wọn wá, tí wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí fọ́tò ara ògiri pé ẹ̀gbọ́n bàbá wa nìyẹn.

Ó dára. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpàdé oṣù tí ó kọjá mọ ibi tí mo ń lọ. Ìyá wa tí ó ti Ọ̀gbọ́mọ̀ṣọ́ wá, tí ó ń se àmàlà fún wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, papòdà ní ìgbà òjò. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, oníṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n, wọn kò sì fẹ́ dáná. Onílé ti ní òun fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ òun ní ìparí oṣù tí ń bọ̀. Arákùnrin kan dìde, ó ní kí a jẹ́ kí ó lọ, pé gbẹ̀gìrì ìyá náà ti ń ṣàn jù láti ọjọ́ pípẹ́, àwọn ọmọ wa kò sì jẹ nǹkan kan mọ́ ju súyà àti Indomie lọ. A rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé gbẹ̀gìrì náà ń ṣàn. Ṣùgbọ́n arákùnrin wa yìí, níbo ni ó sùn lóru ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin? Lórí àga gbọọrọ ilé ìyá náà ni. Níbo ni àwọn awakọ̀ ń já lẹ́tà àti àpò gàrí wa sí kí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó dé? Ó kéré tán, mo mọ ìyàwó mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ yìí tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn àwo àmàlà ni wọ́n ti fojú kan ọkọ wọn, n kò sì ní dárúkọ wọn.

Ní Mitla, ọmọ àti ọmọ-ọmọ wà tí ó gba ìkòkò. Ìyá tiwa kò ní irú wọn, àfi obìnrin tí ó bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún 16. Obìnrin náà ṣe tán láti máa ṣe é lọ. Ọmọ Nupe ni, àwọn kan sì ń fi èyí ṣe ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn. Mo ti jẹ ọbẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti jẹ ẹ́ láìmọ̀, nítorí láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ọwọ́ ìyá wa ti ń gbọ̀n tí òun sì ń rò ó.

Mo dábàá kí ẹgbẹ́ san owó ilé ọdún kan, kí obìnrin náà máa dá a padà díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Akápò wa ní owó àpò wà fún ìgò fèrèsé gbọ̀ngàn. Fèrèsé lè dúró títí òjò mìíràn. Ọjọ́ Àìkú kejì oṣù tí ń bọ̀ ni a ó tún jókòó lórí rẹ̀, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí ó bá ní fọ́tò ilé oúnjẹ náà nílé, ti ìgbà tí páánù rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun, tàbí ti àpèjẹ tí a ti ṣe níbẹ̀, kí ó mú un wá fún akọ̀wé, kí ó sì kọ orúkọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sẹ́yìn. Èmi ní méjì. Nínú ọ̀kan, ìyá wa di ìkòkò mú, ó ń bínú sí ẹni tí ń ya fọ́tò.